Abẹ́rẹ́ Ìkòtún àti Apá Ọ̀tún Sìdíkátù

Ní àdúgbò wọn ní Ìgándò, bí ẹnìkan bá ní agbádá tí ó fẹ́ gbé wọ̀ lọ sí ibi pàtàkì, ọ̀dọ̀ Sìdíkátù alágbàfọ̀ ni yóò gbé e lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sìdíkátù. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó nígbà tí ìdajì Ìgándò ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Ọkọ náà ti kú tipẹ́. Hamdalah nìkan ni ọmọ tí ó fi sílẹ̀ fún un, Hamdalah náà sì ti lọ́kọ, Ayọ̀bọ̀ ló ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé tí Sìdíkátù ń gbé ló ti ń ṣiṣẹ́, lórí tábìlì gígùn kan tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò. Ó máa ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ibùsùn. Àwọn kan wà tó ń bá a fọ aṣọ, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní ọwọ́ òun nìkan ló mọ ìgbà tí iná ti tó fún àǹkárá àti ìgbà tí ó ti pọ̀ jù fún léèsì.

Ọwọ́ yẹn gan-an ni àìsàn náà kọ́kọ́ mú. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, àwọn tó fẹ́ lọ kírun ti ń wá gba aṣọ wọn. Sìdíkátù gbé áyọ́ọ̀nù, ó fẹ́ gbé e kọjá sí apá kejì bùbá tó wà níwájú rẹ̀, ni ọwọ́ bá kọ̀. Kò dùn ún, kò sì gbọ̀n. Ó kàn wà níbẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó wo áyọ́ọ̀nù náà tí ó dúró sójú kan, ó wo èéfín tí ó ń rú bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun gbé e kúrò, kò sì lè gbé e. Ó lanu láti pe obìnrin tó ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Èéfín náà ló bá a pe obìnrin ọ̀hún. Ó sáré wọlé, ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó sì yíjú pa dà bá Sìdíkátù nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru dé ibi tí kò yẹ kí ó dé, pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló lọ dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan inú ọpọlọ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n bi Hamdalah bóyá ìyá rẹ̀ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Hamdalah ní òun kò mọ̀ pé ó ní in. Sìdíkátù fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Láti ìgbà tí ó ti bí Hamdalah, kò sí ẹni tó tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò mọ́. Bí orí bá ń fọ́ ọ, á ra oògùn ẹ̀fọ́rí, á sì pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun bá a ṣe é, kò kú. Ọ̀rọ̀ pa dà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá di ara ògiri mú. Apá ọ̀tún ni kò mi rárá. Ó rọ̀ dirodiro bí aṣọ tútù tí wọ́n fi há okùn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ kí ó máa lọ sílé, Hamdalah tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì kó wá bá ìyá rẹ̀ gbé fún ìgbà díẹ̀. Òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Sìdíkátù á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á máa wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ aṣọ. Bí ó bá rí i tí ó ń ti áyọ́ọ̀nù ní ìdàkudà, á gbójú kúrò. Ohun tó bá ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ti Sìdíkátù kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dùn ún jù ni kì í sọ.

Wọ́n ní kí ó máa lọ fún físíò ní ilé ìwòsàn náà. Miriam ni orúkọ dókítà físíò tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan láti ìhà Oǹdó, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fi oríṣiríṣi eré ìdárayá jí apá àti ẹsẹ̀ tó ti kú dìde. Ó máa ń ní kí Sìdíkátù jókòó, kí ó tún dìde, kí ó tún jókòó. Á di ọwọ́ tó kú náà mú, á gbé e sókè, á ní kí Sìdíkátù máa rò ó lọ́kàn pé òun ni òun ń gbé e. Lọ́jọ́ kan, ó kó àwọn péègì tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn sílẹ̀, ó ní kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là tẹ ẹyọ kan kí ó lanu. Sìdíkátù tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bò ó. Péègì kò lanu. Ohun tó ti ń fi ìka méjì ṣe láìwojú rẹ̀ láti ìgbà èwe ni wọ́n sọ di ìdánwò fún un yìí. Nígbà tí wọ́n délé, ó sọ fún Hamdalah pé bí òun bá jáde níbẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé wọ́n gbé òun lọ kí àwọn ènìyàn lè rí ohun tí òun kò lè ṣe.

Ìgbà yẹn ni Ṣàfíù, àbúrò rẹ̀, mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá. Ìjẹ̀gùn ni Ṣàfíù ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kí ó máa tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un pé ibì kan wà ní Ìkòtún tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wo rọpárọsẹ̀ bí àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é, pé kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà, wọ́n kàn ń gún un sí ojú ibi tó yẹ ni, pé ìyá òun alára ti fẹsẹ̀ rìn jáde níbẹ̀. Ṣàfíù kò ṣe méjì. Ó yá mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó sì wá gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé ìtajà ọ̀dà kan ni ibẹ̀ wà, yàrá mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n fi kọ́tìnì dá àwọn bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ sí méjì méjì. Olútáyọ̀ ni orúkọ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ náà, ọkùnrin kan tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni òun ti kọ́ iṣẹ́ náà, kí òun tó tún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni oògùn tí Sìdíkátù ń lò. Ó ní kò gbọdọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o, kò sì gbọdọ̀ fi físíò sílẹ̀. Ó tún sọ ohun tí ó rò pé abẹ́rẹ́ lè ṣe àti ohun tí kò dá òun lójú pé ó lè ṣe. Ṣàfíù ń mi orí. Sìdíkátù náà ń mi orí, ṣùgbọ́n àwọn abẹ́rẹ́ tó wà nínú àwo ló ń wò, tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Nígbà tó gún èyí àkọ́kọ́, Sìdíkátù kò mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó gún sí ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ló yàtọ̀. Nǹkan kan wúwo níbẹ̀, ó wá gbóná, ìgbóná náà sì rìn lọ sísàlẹ̀ títí dé ìka, bí ìgbà tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá ń wọ inú aṣọ. Omi dà lójú Sìdíkátù. Ọwọ́ tó ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí kò dá a lóhùn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń pa dà sílé, ó sọ fún Ṣàfíù pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́ láyé.

Báyìí ló di ará ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti mọ Bàbá Fẹ́kọ́mi àti ìyàwó rẹ̀, Agnes. Èkìtì ni àwọn méjèèjì ti wá, Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n sì ń gbé. Tíṣà ni bàbá náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Rọpárọsẹ̀ ti mú un ṣáájú ti Sìdíkátù, ṣùgbọ́n ó ti ń fi ọ̀pá rìn dáadáa, ọ̀pá náà gan-an sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí kò nílò mọ́. Agnes ló wá ibẹ̀ rí, òun ló sì máa ń mú un wá. Aláwàdà ni bàbá náà. Bí wọ́n bá ti gún un tán, tí abẹ́rẹ́ dúró sí i lápá àti lẹ́sẹ̀, á ké sí Sìdíkátù láti ẹ̀yìn kọ́tìnì pé òun ti di òòrẹ̀, kí ó má ṣe gbá òun mọ́ra. Sìdíkátù á rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ ara tirẹ̀ á fi máa mì. Agnes á ní kí wọ́n dákẹ́ jàre, kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ wọlé.

Ibi tí ara ti ń tu ni ní ń wu ni lọ. Ní Ìkòtún, ènìyàn á dùbúlẹ̀, ẹlòmíràn á ṣe iṣẹ́ náà fún un, ọwọ́ á gbóná, oorun á kùn ún. Ní ọ̀dọ̀ Miriam, òógùn ni, àti péègì tó kọ̀ tí kò lanu. Sìdíkátù kò pinnu láti fi físíò sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, ó ní òjò ló dá òun dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ó rẹ òun. Eré ìdárayá tó yẹ kó máa ṣe nílé, ó ti di ohun tí Hamdalah ń rán an létí, tí ó ń dáhùn pé òun máa ṣe é tó bá yá.

Nígbà tó wá yọjú sí ọ̀dọ̀ Miriam, ọmọbìnrin náà gbé apá rẹ̀ wò, ó sì ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń le. Sìdíkátù ṣàlàyé fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wo òun, pé òun ń mọ iṣẹ́ rẹ̀ lára ju èyí lọ. Ó rò pé ó máa bínú. Miriam kò bínú. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Màmá, àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí wò," ó ní. "Wọ́n á pín àwọn tó ní irú àìsàn yín sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn á máa ṣe físíò, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ kún ti àwọn kan. Nígbà míì, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ irọ́ tí kì í wọlé ṣe bí ẹni gún àwọn tó kù, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà mọ èyí tí òun gbà. Ìwádìí kan á ní àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ṣe dáadáa jù. Òmíràn, pàápàá èyí tí wọ́n ti lo abẹ́rẹ́ irọ́ yẹn, á ní ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé kí ẹ má lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ má fi rọ́pò èyí. Ọpọlọ yín ló gbàgbé ọ̀nà ọwọ́ yìí. Tí ẹ ò bá ń rán an níṣẹ́, ta ló fẹ́ kọ́ ọ?"

Sìdíkátù kò fẹ́ràn ohun tó gbọ́. Bí ó ṣe ń lọ sílé ni ó ń rò ó pé àwọn tó kàwé kì í fẹ́ gbà pé ohun tí àwọn kò kọ́ lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ tó ń le yẹn bà á lẹ́rù, nítorí òun náà ti mọ̀ ọ́n. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè ní àárọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ilé tó jí. Ó tún pa dà sí físíò, kò sì fi Ìkòtún sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí tábìlì, Hamdalah sì ń ká aṣọ. Sìdíkátù rí i tí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé ojú òun ni. Ó ní kí ó tún gbéra, ó sì tún gbéra. Hamdalah jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún.

Ayọ̀ náà kò pẹ́ kó tó di àríyànjiyàn. Ṣàfíù ní kí wọ́n má tan ara wọn jẹ, abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Hamdalah ní físíò ni, pé ìgbà tí ìyá òun pa dà síbẹ̀ ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. Nígbà tí wọ́n sọ fún Miriam, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbà pé físíò nìkan ni. Ó ní ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe ní àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Sìdíkátù fetí sí gbogbo wọn. Ó wá ń ṣe é bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́ta bá jọ fọ aṣọ kan, tí aṣọ náà wá mọ́, tí kálukú ń sọ pé ọwọ́ òun ni ìdọ̀tí náà ti kúrò.

Inú ipò yìí ni wọ́n wà tí Bàbá Fẹ́kọ́mi kò fi wá sí Ìkòtún mọ́. Sìdíkátù rò pé ó ti yá ni. Olútáyọ̀ ló sọ fún un, ó sì jókòó kó tó sọ ọ́. Rọpárọsẹ̀ tún mú bàbá náà lẹ́ẹ̀kejì, èyí kò sì dá a sí. Nígbà tí Agnes ń kó ẹrù rẹ̀, abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ló ti bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, páálí lórí páálí, tí kò já. Bí wọ́n bá béèrè ní Ìkòtún, á ní òun ń lò ó. Bí ìyàwó rẹ̀ bá béèrè nílé, á ní òun ti lò ó. Ara rẹ̀ ti yá, ó ń rìn, ó gbà pé abẹ́rẹ́ ti gbé àìsàn náà lọ, kò sì rí ìdí tí aláìlárùn á fi máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́.

Sìdíkátù kò jẹ́ kí wọ́n gún òun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wo kọ́tìnì tí bàbá náà ti máa ń ké sí i, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè láti ọjọ́ tó ti ń wá.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé abẹ́rẹ́ yìí ń ṣe nǹkan kan, àbí kò ṣe é?"

Olútáyọ̀ gbé àwo abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Màmá, mo ti rí ẹni tó gbà á tó dìde," ó ní. "Mo ti rí ẹni tó gbà á tí nǹkan kan ò yí pa dà. Ẹni tó dìde yẹn, mi ò mọ̀ bóyá ì bá dìde náà ká ní kò mọ ọ̀dọ̀ mi. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí díẹ̀ ni ìrora. Èjìká tó ń dun àwọn tí irú èyí bá ṣe, ó máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn mú un rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n pé abẹ́rẹ́ nìkan á gbé apá tó kú, tàbí pé á dí ọ̀nà kí àìsàn náà má tún pa dà wá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ èyí fún wa látilẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Màmá. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá ni mo sọ ọ́. Bàbá náà, mo sọ fún wọn. Ẹni tí ara ń ni, ibi tí ìrètí wà nínú ọ̀rọ̀ ló máa ń mú." Ó wo kọ́tìnì náà. "Bóyá ó yẹ kí n máa sọ ọ́ lemọ́lemọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Sìdíkátù rò ó jinlẹ̀. Ó pinnu pé òun máa dá abẹ́rẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí òun lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣàfíù bínú. Ó ní ta ló ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tó ń gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó máa wò ó. Kò pa físíò jẹ, kò sì fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Kò pẹ́ tí èjìká fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìrora kan tó ń jẹ ẹ́ wọ inú egungun, tí kì í jẹ́ kí ó sùn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìka náà kò pa dà sẹ́yìn. Ìfábẹ̀là tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Lọ́jọ́ kan lọ́dọ̀ Miriam, péègì lanu. Ó lanu bíńtín, ó sì tún pa dé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pa dà sí Ìkòtún, ó sọ fún Olútáyọ̀ pé èjìká òun ni òun gbé wá, kì í ṣe ọwọ́. Olútáyọ̀ gún un, ìrora náà rọlẹ̀, Sìdíkátù sì rí oorun sùn. Láti ìgbà náà, bí èjìká bá ń dùn ún nìkan ló ń lọ. Nígbà tí Hamdalah bi í pé ṣé ó ti wá mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ báyìí, ó ní ti ara òun nìkan ni òun lè sọ, ìyẹn náà kò sì dá òun lójú tán. Ó ní Sìdíkátù kan ṣoṣo ló wà. Kò sí òmíràn tí àìsàn yìí mú lọ́jọ́ kan náà, tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá, tí wọ́n á fi òun wé.

Hamdalah pa dà sílé ọkọ rẹ̀ nígbà tó yá. Sìdíkátù gba ọmọbìnrin kan tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa, Fàthíà, pé kí ó máa bá òun lọ aṣọ. Kò rọrùn fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí Fàthíà bá ti gbé áyọ́ọ̀nù, ńṣe ni Sìdíkátù máa ń di etí àga mú. Díẹ̀díẹ̀ ó rí i pé ẹnu òun lè kọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Òun ló ń ká aṣọ. Ọwọ́ òsì á fà á, ọwọ́ ọ̀tún á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò yá, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ká máa ń gún régé.

Ibi tó ti ń ká aṣọ ni Agnes ti bá a. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ní Èkìtì, Sìdíkátù kò rí i. Ó ti gbẹ. Sìdíkátù ní kí Fàthíà gbé àga wá, kí ó sì bu omi fún wọn. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Agnes mu omi náà díẹ̀, ó wá gbé ife sílẹ̀.

"Ìyá Hamdalah, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè bi àwọn ọmọ mi," ó ní. "Èmi ni mo wá ibi abẹ́rẹ́ yẹn rí. Èmi ni mo mú un lọ. Ká ní mi ò mú un lọ ni, ṣé kò ní máa lo oògùn rẹ̀? Ṣé èmi kọ́ ni mo pa á?"

Sìdíkátù ti mọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn sọ. Ó yẹ kí ó ní rárá o, kí ó ní àmúwá Ọlọ́hun ni, kí ó sì yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí kò wọ mọ́tò láti Ẹ̀gbẹ́dá wá gbọ́ ìyẹn. Gbogbo àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ló ti sọ ọ́ fún un.

"Mọ́mì, abẹ́rẹ́ kọ́ ló pa wọ́n, ẹ̀yin náà kọ́," ó ní. "Oògùn tí wọn ò lò ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún ru. Pé tí ẹ ò bá mú wọn lọ, ṣé wọn ì bá máa lò ó? Mi ò mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa lò ó. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti jókòó sínú yàrá láìrìn, kí ayé sú wọn, kí wọ́n sì jù ú nù náà. Ohun tí mo fojú rí ni mo lè sọ. Mo rí wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé, gbogbo wa lara wa máa ń yá. Ẹ̀yin lẹ mú wọn débẹ̀."

Agnes fi gèlè nu ojú. Ó ní òòrẹ̀ tí ọkọ òun máa ń pe ara rẹ̀ yẹn, òun máa ń bínú sí i nígbà náà, pé òun rò pé kò mú ìwòsàn náà ní òkúnkúndùn. Sìdíkátù rẹ́rìn-ín, Agnes náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tún sunkún.

Nígbà tó ń sunkún yìí ni Sìdíkátù ṣàkíyèsí pé ó ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó bi í bóyá ibẹ̀ ń dùn ún. Agnes ní kò tó nǹkan, pé láti ìgbà òkú náà ni orí ti ń fọ́ òun látẹ̀yìn, òun sì ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí sí i. Sìdíkátù bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Agnes ronú, kò rántí. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá ni àwọn ń bá kiri nígbà gbogbo, kò sí ẹni tó rántí ti òun.

Sìdíkátù sọ fún Fàthíà pé kí ó máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ọ̀pá tí ó fi ń rìn. Agnes ní kí ó jókòó, pé òun máa lọ wọ̀n ọ́n tí òun bá dé Ẹ̀gbẹ́dá, Sìdíkátù sì ní bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí tan ara òun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ìtọ́jú kékeré kan wà ní òpópónà kejì. Ilẹ̀ ọ̀nà náà kò dára, òjò ti gbẹ́ ẹ, nítorí náà wọ́n rọra ń lọ, Agnes di apá òsì rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ so ìgbànú ìwọ̀n mọ́ Agnes lápá, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó wò ó, ó sì tún un wọ̀n. Ó ní ó ga, ó ga gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣeé mú sílẹ̀, pé ó dára bí wọ́n ṣe tètè wá. Ó ní kí wọ́n jókòó de dókítà.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Agnes bi í bóyá èèyàn á máa lo oògùn náà títí ayé ni. Sìdíkátù ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn, òun máa ń lo tòun lẹ́yìn ìrun àárọ̀ kí òun má baà gbàgbé. Agnes ní òun kì í kírun. Sìdíkátù ní kí ó wá fi tirẹ̀ ti àdúrà ìdílé wọn, Ọlọ́run kan náà ló ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni dókítà ti ṣílẹ̀kùn, ó sì ké sí ẹni tó kàn kí ó máa bọ̀.